Ebè Tí Mi Ò Kọ

Roqeebah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Mafoluku, ṣé bàálù tó ń kọjá lórí òrùlé yín ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run Allah yóò máa ṣọ́ ọ lọ, yóò máa ṣọ́ ọ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ yín ní Ìsọlọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí mẹ́ta.

Àwòrán ọlọ́dà tí o fi rán Táòfíkì ti dé. Ó jọ mí débi pé ẹ̀rù bà mí. Nínú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sórí ebè, mo gbé ọkọ́ sókè, òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi. Gbogbo ẹni tó bá wọ pálọ̀ ló ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, èmi ni mo sì ń bá a dáhùn. Mi ò lè sun oorun ọ̀sán níwájú ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ni mo bá ń dojú rẹ̀ kọ ògiri kí àwa méjèèjì lè sinmi.

Àṣírí kan ń jẹ mí lọ́kàn. O mọ̀ pé télọ̀ ni mí. Lọ́jọ́ tí o yà mí ní fọ́tò tí o wò kun àwòrán yìí, mo ní èmi ni mo kọ ebè wọ̀nyẹn. Irọ́ ni. Mùnírù alágbàṣe wa ló kọ wọ́n, ọkọ́ rẹ̀ ni mo gbà dání.

Ẹgbẹ́ àáró, àwọn tó ń para pọ̀ ṣe oko ara wọn, wá rí àwòrán náà. Olúbọ̀wálé olórí wọn ní akọni bí èmi ń fara pamọ́, kí n wá bẹ̀rẹ̀ ní oko òun lọ́jọ́bọ̀. Ẹnu mi ò lè sọ pé rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró níwájú àwòrán, mo ń wo bí ọkùnrin yẹn ṣe di ọkọ́ mú. Òun náà ò mọ ọkọ́ dì mú!

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, mo gbé téèpù ìránṣọ mi lọ sí oko náà, mo ń wọn àárín ebè. Kí n tó kọ méjì, wọ́n ti kọ ogún. Olúbọ̀wálé bi mí bóyá ṣòkòtò ni mo fẹ́ dá fún iṣu. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Mùnírù, tí òun náà bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti dá ọkọ́ òun mọ̀ nínú àwòrán láti ọjọ́ kìíní, òun kàn ń dúró kí n fẹnu ara mi jẹ́wọ́ ni.

Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n máa gbé omi wá, kí n sì máa lẹ aṣọ oko wọn.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ìpara ránṣẹ́, ẹ̀yìn mi ò ṣeé nà. Tí o bá ń bọ̀ ní Iléyá, gbé ọ̀dà rẹ dání. Fi Mùnírù sí ibi tí mo wà. Tí àyè bá kù lẹ́yìn, fi mí síbẹ̀ pẹ̀lú korobá omi. Ìyẹn, mo lè ṣe é.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa sọ òótọ́ ju ẹnu bàbá rẹ lọ.

Èmi ni,
Sirajudeen, bàbá rẹ.