Ẹni Tó Fọ Sàréè Ọkọ Mi

                              Calle del Pozo 14,
                              Villar del Cierzo,
                              Teruel, Spéènì.
                              3 Oṣù Kọkànlá, 2014.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Fadérera,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àmójútó ilé. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé Fadérera ti sọ̀ láyọ̀? Ara tèmi le, àfi òtútù tó ti ń yọjú láti orí òkè.

Ẹ ní kí n má sunkún púpọ̀ mọ́. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹkún kọ́ ló ń dà mí láàmú báyìí, owú ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Oṣù méje lẹ́yìn tí Eladio ọkọ mi kú, mo ṣì ń jowú lórí rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé inú ihò ara ògiri ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí níbí, ìpele lórí ìpele, òkúta dídán lẹ́nu rẹ̀. Kí ọjọ́ àwọn òkú tó pé, kálukú á lọ fọ ti èèyàn rẹ̀, á sì to òdòdó síbẹ̀. Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi jẹ́ ìyàwó Eladio, òun nìkan ló ń lọ fọ ti àwọn òbí rẹ̀. Èmi á jókòó sídìí iná, n ó máa din àkàrà oníṣúgà tí wọ́n ń jẹ lásìkò náà. Ọdún yìí ló wá kàn mí. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbé korobá, ọṣẹ àti òdòdó, mo gun òkè lọ sí itẹ́ òkú.

Ìgbà tí mo débẹ̀, òkúta ọkọ mi ń dán bí àwo, òdòdó funfun sì ti kún ẹnu rẹ̀. Práxedes, aya oníbúrẹ́dì, kígbe láti ìdí sàréè bàbá rẹ̀: "Ìyàwó Eladio, ọkọ ẹ ti wẹ̀, ó ti múra, kí ìwọ tó jí!" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mo mọ ẹni tó ṣe é. Visitación, tí Eladio fẹ́ẹ́ fẹ́ kí n tó dé, tí kò sì fẹ́ ẹlòmíràn títí dòní, jókòó sórí àga kékeré nítòsí. Mo bi í pé ta ló rán an níṣẹ́.

"Ọmọ mi, láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń retí ẹ. Ṣé kí n máa wò ó pẹ̀lú eruku lójú ni? Oore rẹ̀ ni mo san padà." Ó nawọ́ sí ìpele tó ga jù. "Màmá mi nìyẹn. Orúnkún mi ò gba àkàbà. Ọdọọdún ni Eladio ń bá mi gùn ún."

Ọdọọdún! Kò sọ fún mi rí. Èmi ń din àkàrà, ọkọ mi wà lórí àkàbà nítorí obìnrin yìí. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ẹ̀gbọ́n mi, egungun tó kù gan-an ń jó.

Mo gbójú sókè. Eruku ti bo orúkọ ìyá rẹ̀. Mo gbé àkàbà tì í, mo gùn ún, mo sì fọ ọ́ títí orúkọ náà fi hàn ketekete. Kì í ṣe àánú o. N kò fẹ́ kí oore kankan ṣẹ́kù láàárín òun àti ọkọ mi ni.

Mo sọ fún un láti òkè pé, "Ó parí. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ mi mọ́."

Ó ní, "Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ta ni yóò gùn ún?"

Mo wolẹ̀, mo rí i tó dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún yẹn, tó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà náà mú kó má baà mì.

Ẹ bá mi kí Fadérera, ẹ kí gbogbo ilé. Ẹ má sọ fún Bùrọ̀dá Adéoyè, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ọjọ́ Ajé tó pé ni n ó ti débẹ̀. Kàn-ìn-kàn-ìn méjì ni mo ti rà sílẹ̀, ọ̀kan fún ọkọ mi, ọ̀kan fún ìyá Visitación.

Èmi ni àbúrò yín tó ń ṣàárò yín,

Mopélọ́lá