Ẹsẹ̀ Mi Tí Ń Kú Lọ́nà Bódìjà

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Sàídátù Àníkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù àlékùmù. Báwo ni òtútù ibẹ̀? Báwo ni ọkọ rẹ, Abdussalam? Ikhlas ńkọ́, ọmọ ọmọ mi tí mo mọ ojú rẹ̀ nínú fóònù ṣùgbọ́n tí n kò tíì mọ bó ṣe wúwo tó lórí itan? Mo gbà á ládùúà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Èmi náà wà láàyè, ara mi sì le. Jọ̀wọ́, tún gbólóhùn yẹn kà: ara mi le. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé ìwé ni mo kọ nígbà tí fóònù wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣa lẹ́tà ẹlòmíràn ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀, mo sì rí i pé ohun tó bá ń ti èèyàn lójú láti sọ, inú àpòòwé ló máa ń gbà. Lórí fóònù, bí o bá ti ní "Bàbá mi" báyìí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ láti àárọ̀ á fọ́n ká. Qonitah, ọmọ aládùúgbò wa tó ń gbé ní ìlú yín, ń padà lọ́la, ó sì ti ṣèlérí pé òun á fi lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá pè mí lọ́jọ́ Àìkú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, n kò ní sọ nǹkan kan o. Kí o kàn ní sùúrù.

Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹfà ni bàtà kánfáàsì tí o fi ránṣẹ́ dé, aláwọ̀ búlúù tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nínípọn méjì. O ní kí n yé jókòó sójú kan, kí n máa rìn, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa káàkiri ara. Mo gbọ́ràn. Bí mo bá ti kírun Súbùhì tán, èmi àti àwọn àgbà àdúgbò a gbéra láti Agbowó, a ó gba iwájú géètì Yunifásítì kọjá, ó di Bódìjà, a ó sì padà kí oòrùn tó mú. Nítorí bàtà yẹn ni wọ́n ṣe sọ mí ní Bàbá Kánádà. Mo ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ọjà Bódìjà, pajápajá á ti mú àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Tó bá yá, wọn á kú pátápátá. Màá máa tẹ ilẹ̀, n kò ní mọ̀ pé mo tẹ nǹkan. Mo kọ́kọ́ ń fi ṣe àwàdà, mo ní ìjọba ti fún ẹsẹ̀ mi ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ni mo délé, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀. Èékánná ọmọńdinrín ti ya, n kò mọ̀ rárá. Ọjọ́ yẹn ni àwàdà tán lẹ́nu mi.

O mọ Mánsúrù, ọ̀rẹ́ mi ti Àpáta. Bí tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tí ìtọ̀ ṣúgà fi gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n gún mi lọ́wọ́, wọ́n ní kò sí ṣúgà kankan. Ìyẹn gan-an ló wá ń já mi láyà, nítorí àìsàn tó bá lórúkọ ó sàn ju èyí tí kò ní lọ. Àwọn ará àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ní kí n máa fi àdí pa á. Òmíràn ní kí n má ṣe gba iwájú ilé lágbájá kọjá mọ́, pé ibẹ̀ ni mo ti tẹ oògùn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú mi ni mo sọ fún ọ.

N kò lè gbàgbé ìpè tó tẹ̀ lé e. O ní, "Bàbá mi, ẹ má mikàn. Mo ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń bọ̀ lóṣù Kejìlá." Àníkẹ́, ọdún mẹ́sàn-án tí o kò tíì wálé nìyẹn! Lọ́dún kan, ìwé ìgbélùú kò tíì jáde. Lọ́dún kejì, oyún ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kó lọ sílé tuntun, iṣẹ́ yí padà, Ikhlas bẹ̀rẹ̀ iléèwé. N kò dá ọ lẹ́bi, ayé ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí o ṣe sọ pé "mò ń bọ̀" yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo mú ìgbálẹ̀, mo lọ gbá yàrá rẹ. Oṣù Kẹsàn-án la wà, mo ń gbá yàrá fún oṣù Kejìlá.

Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àṣírí ẹsẹ̀ tú. Tíṣà John wà láàárín àwa tí a jọ ń rìn, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá kó tó fẹ̀yìn tì. Ó rí i pé mo ń wọ́sẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí ògiri kékeré kan lẹ́bàá títì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ iwájú rẹ̀. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá Sàídátù, ta ló ra èyí fún yín?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Ọmọ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kò mọ ẹsẹ̀ yín mọ́."

Inú bí mi débi pé n kò kí i dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ó ti ní kí n dán sálúbàtà mi àtijọ́ wò, èyí tó gbòòrò bí ọkọ̀ ojú omi, mo sì wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ kẹta. A lọ, a bọ̀, ẹsẹ̀ mi kò kú. Mo tún dán an wò lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà John ṣàlàyé pé bí èèyàn bá ń dàgbà, ẹsẹ̀ a máa tẹ́ sí i, bó bá sì ń rìn, á tún wú díẹ̀. Bàtà há, ìbọ̀sẹ̀ nípọn, èmi náà sì ń fa okùn le bí ẹni ń di ẹrù. Iṣan ibẹ̀ kò rí àyè mí ni. Ó ní bó bá tún kú nínú bàtà tó gbòòrò, kí n tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò kú mọ́.

Nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì lo rà. Òun náà ni mo ń wọ̀ lọ́dún 2016 tí mo sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfurufú. Ẹsẹ̀ bàbá tí o fi sílẹ̀ nílé lo ra bàtà fún, ó sì ti pẹ́ tí bàbá yẹn ti lọ. Mo sì mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ó há. O bi mí lójú fídíò pé ṣé ó bá mi mu, mo ní rẹ́gí, mo tiẹ̀ rìn yípo pálọ̀ kí o lè rí i. Ọmọ ẹni á rán nǹkan láti òkè òkun, èèyàn á wá la ẹnu pé kò bá òun mu? Èmi kọ́.

Títí dé ibẹ̀, o lè rẹ́rìn-ín. Ibi tó kù ni kò pani lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ pé bàtà ni, o ti pè mí lọ́jọ́ Àìkú mẹ́ta. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan o ń béèrè pé, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Mo sì ń dáhùn pé, "A ń bá a yí i." Mo fi pa mọ́ fún ọ ni. Mo rò ó pé tí ẹsẹ̀ bá ti yá, kí ni ọmọ mi tún ń bọ̀ wá ṣe? Ìlera kò gbé ọ wá rí. Àìsàn ló gbé ọ dìde, mo sì fẹ́ kí àìsàn náà dúró títí o fi máa dé.

Ǹ bá máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, bí kò bá ṣe pé Abdussalam pè mí lánàá láìjẹ́ kí o mọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pàrọwà fún Sàídátù." Ó ní oúnjẹ kò wọlé fún ọ mọ́. Ó ní o ń wo àwòrán ẹsẹ̀ tí wọ́n gé lórí fóònù, àti pé o sọ pé o kò rí màmá rẹ sin, o kò ní jẹ́ kí ti bàbá náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí. Lọ́jọ́ tí màmá rẹ kú, a sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ìwọ sì ń sunkún lórí fóònù tí mo gbé sí etí sàréè. Èmi tí mo gbé fóònù yẹn dání ni mo tún wá ń fi ikú dẹ́rù bà ọ́. Dárí jì mí, ọmọ mi.

Abdussalam ní tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú tí o rà ṣeé dá padà títí di ìparí oṣù yìí. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ní kí Qonitah má jẹ́ kí ìwé yìí sùn sílé òun. N kò ní bínú bí o bá dá a padà. Rárá, èyí tí mo ti pa ti tó, n kò fẹ́ purọ́ mọ́: inú mi á bàjẹ́ gan-an. Àárò rẹ ń sọ mí, Àníkẹ́. Ó ń sọ mí nídìí oúnjẹ, ó ń sọ mí nínú ìrun. Ṣùgbọ́n bí o bá ka ìwé yìí tán, tí o mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe mí, tí o sì tún wá, ìgbà náà ni màá mọ̀ pé èmi lo wá wò, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi.

Kí Ọlọ́run Ọba máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ Abdussalam kò ní di òfo. Ikhlas á dàgbà lójú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ó sì jèrè rẹ̀. Ohun tí o fi ń tọ́jú mi láti ọ̀nà jíjìn, ọmọ tìrẹ náà á fi tọ́jú rẹ nítòsí. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń wo ọ̀nà,

Mùkáílà.

Ó ku ẹyọ kan: Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún mi lé ẹ̀yìn ìwé yìí, mo sì fi báírò yí i po. Má ṣe gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù o, bàtà ti tó. Ikhlas ni kí o bá mi fún, kí ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé e.