Ìwé Òfin Tí Màá Fìka Kà

Igbó-Ọrà

Bámiṣẹ́ àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń fúyẹ́, ẹ̀gẹ́ wa sì ta.

Ọ̀rọ̀ oko Bàbá ló ń jẹ mí lọ́kàn. Godwin ìbátan wa ka ìwé kan sí mi létí pé a fi oko náà yáni fọ́dún méjì, mo sì tẹ̀ka. Àṣé títà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi wá ìwé òfin ilẹ̀ ní bíréèlì, irú èyí tí mo ń fìka kà nílé ẹ̀kọ́ afọ́jú, kí a tó dé kóòtù. Ojú àyálò ti sú mi.

Olúwa á ṣọ́ ilé rẹ. Keturah ọmọ mi ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Tó bá dé ọwọ́ rẹ, pè mí, kí o kà á fún mi, kí n mọ̀ bóyá ohun tí mo sọ ló kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Yẹ́misí