Ẹ Má Tíì Fi Máṣíìnì Yín Tọrẹ

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà wa, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì láti Dọ́bùlìn nílùú òyìnbó níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará Ìlúpéjú. Ṣé orúnkún yín ti ń gbádùn díẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ fẹ́ fi máṣíìnì ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ yín ta ọmọ kan ní Ìrè lọ́rẹ. Wọ́n ní ẹ ní ẹsẹ̀ yín ò gbé e mọ́, àti pé nínú gbogbo àwa ọmọ yín, kò sẹ́ni tó gba iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde.

Òtútù ibí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa. Ètè ni ọyẹ́ ń gbẹ, eléyìí ń wọ egungun. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ. Owó rẹ̀ ń tó mi jẹ, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Àdáwà yẹn ló lé mi wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí mo ti ń ta gìtá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Lóṣù tó kọjá, olórí akọrin wa gbé pẹ́dà kan wá, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ àpótí kékeré tó ń yí ohùn gìtá padà. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ kí ohùn náà máa gbọ̀n, mo ní láti fi okùn gìtá sílẹ̀ kí n fọwọ́ yí kókó kan lára àpótí náà, orin á sì já. Ní báyìí, ọwọ́ wà lórí okùn, ẹsẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Bí mo bá fi ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ohùn á gbọ̀n gan-an. Bí mo bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á rọlẹ̀. Ibi tí mo bá fi í sí ló yẹ kó dúró sí.

Àbí mo jẹ́ kó dúró? Bí mo ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e báyìí, ni mo bá ń wa á bíi máṣíìnì yín: ìka, gìgísẹ̀, ìka, gìgísẹ̀. Mo tiẹ̀ bọ́ bàtà, torí ẹ ò jẹ́ ká fi bàtà tẹ máṣíìnì yín rí. Àwọn akọrin rẹ́rìn-ín títí. Olórí akọrin, ọmọ Iléṣà, ní ta ló sọ fún mi pé aṣọ la fẹ́ rán. Ojú tì mí. Mo ní kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́, ó kọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni onídúrọ́ọ̀mù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù bá ẹsẹ̀ mi rìn. Ẹ̀rín bá rọlẹ̀. Olórí akọrin ní kí n tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ta á lọ́jọ́ ìkórè, sí orin ọpẹ́ tí ẹ máa ń kọ tí ẹ bá ń rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé. Ìyá kan láti Ìdó dì mí mú lẹ́yìn ìsìn, ó ní ohùn yẹn mú ulé wá sọ́kàn òun, òun ò sì mọ ìdí ẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n.

Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé uṣẹ́ máṣíìnì, ẹsẹ̀ ló ń ṣe é, ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ẹsẹ̀ yín ni mo gbà. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì orin náà ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ tí ara bá fúyẹ́, ẹ jókòó sídìí máṣíìnì, ẹ má fi òwú sí i, kí Ẹ̀gbọ́n tan kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tí kò dùn yín lé e, kí ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Tí ẹsẹ̀ yín àti tèmi ò bá pàdé nínú orin náà, kí ẹ gbé e fún ọmọ Ìrè náà, mi ò ní bínú.

Ọlọ́run á wo orúnkún yín sàn. Ẹ ó jèrè wa, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín tó bọ́ bàtà,
Fúnmiláyọ̀