Mọ́tò Tó Ń Sáré Lọ Dúró

Àràròmí Òkè-Odò,
Oṣù Ẹrẹ́nà.

Súnkànmí, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Oyinkán ìyàwó rẹ, mo kí òtútù Kánádà tó ń bá yín gbé inú ilé kan náà. Ṣé ẹ ò tíì gan? Ẹni tó dá yín sí nínú yìnyín èṣí á tún dá yín sí nínú tọdún yìí, ẹ ò ní ṣubú lórí omi dídì, ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀. Àwa ńkọ́, a wà, ara ò dá ṣáṣá, bẹ́ẹ̀ ni a ò dùbúlẹ̀. Orúnkún mi ọ̀tún ló ń bá mi jà, tòsì sì ń gbèjà rẹ̀. Ewúrẹ́ abilà yẹn ti bí ìbejì. Mo ti ní kí wọ́n ro ìdí ibojì bàbá rẹ, ó mọ́ tónítóní.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní Màámi, mo wà ní mítìn, màá pè yín padà, fóònù á sì kú. Lẹ́tà kì í lọ sí mítìn. Dáramọ́lá àbúrò ìyàwó rẹ, tó wálé wá sin ìyá wọn àgbà, ni mo fi rán, mo sì ti ní kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán. Bó bá fẹ́ mu omi, fún un lómi, ṣùgbọ́n ìwọ má dìde.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò rẹ ni. Nígbà tí o kọ́kọ́ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo àdúgbò ló rọ́ wá sídìí fóònù mi. O ní kò mu epo bẹntiróòlù, pé iná mànàmáná ló ń jẹ, pé ẹ máa ń fi wáyà so ó mọ́ ara ògiri bíi fóònù. Mo gba ọ̀dọ̀ Alameen tó ń bá wa ṣáàjì fóònù lójà lọ, mo bi í pé oúnjẹ fóònù mélòó ni mọ́tò kan á jẹ kó tó yó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ohun tó ya èmi lẹ́nu ni iná náà fúnra rẹ̀. Iná tiwa níhìn-ín, bó bá tilẹ̀ wá, kò lè yí fáànù, á kàn máa mì í bí ẹni tí wọ́n fi oúnjẹ lọ̀ tó ń kọ̀. Tiyín ló wá ń ju odidi mọ́tò bí ẹni ta ọfà. Mo ní àṣé ibi tí iná wa ń gbà lọ nìyí.

O ṣí iwájú rẹ̀ hàn wá, kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, àyè òfìfo ni, o ní báàgì lẹ ń kó síbẹ̀. Ìyá Abdulhakeem, ará ilé kejì wa, ní mọ́tò tí ò ní nǹkan kan lórí báyìí, ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ọ o. Mo ní kó lọ jókòó, pé ìlara ni.

Lẹ́yìn náà lo ní kí a wá wo eré. O ní láti orí ìdúró dé ọgọ́rùn-ún, kò ju kí èèyàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Mo dán an wò. Mo pè ọ́ ní Súnkànmí Àjàní ọmọ Ọládélé. Kí n tó dé Ọládélé, o ti dé ọgọ́rùn-ún. Dáramọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ nínú fídíò náà, orí rẹ̀ lọ gbá àga lẹ́yìn, ó figbe ta, ìwọ ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi nígbà tó dé pé ọrùn ṣì ń dun òun. Ó ní bọ́tìnnì kan wà tí ẹ ń tẹ̀ kí mọ́tò náà tó lè ya wèrè bẹ́ẹ̀, pé o san owó lé e lọ́tọ̀. Súnkànmí! Lọ́dọ̀ tiwa, tí orí ẹnìkan bá yí, a máa ń sanwó kó lè gbádùn ni. Ìwọ sanwó kó lè yí.

Mo wá bi í pé níbo gan-an lò ń sáré lọ. Ó ní àdúgbò yín ní Downsview, ìjọba kọ ọ́ síbẹ̀ pé eré ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ju ogójì lọ, pé iná pupa tún wà níwájú tí ò jìnnà. Mo ní tó o bá wá tẹ bọ́tìnnì yẹn tán ńkọ́? Ó ní o máa ń dé ìdí iná pupa ṣáájú gbogbo èèyàn. Mo ní lẹ́yìn náà ńkọ́? Ó ní wàá dúró, àwọn tó kù á wá bá ọ níbẹ̀. Ọmọ tí mo rán níwèé, tí mo ta ilẹ̀ kó lè kàwé, eré ló ń sá lọ dúró.

Ṣùgbọ́n nígbà tí fídíò yẹn kọ́kọ́ dé, n kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ayọ̀ ni mo ń yọ̀. Ìwọ náà mọ àdúrà tí mo máa ń gbà lé ọ lórí. Mo máa ń ní ọmọ mi ò ní lọ́ra, á yára ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn tó ṣáájú rẹ̀ jáde nílé, á bá wọn lọ́nà á sì kọjá wọn, ohun tó bá dúró níwájú rẹ̀ á yà fún un. Nígbà tí mo rí mọ́tò yẹn, mo ní háà, Ọlọ́run, o mà ń gbọ́ àdúrà o.

Lóṣù tó kọjá lo wá pè. O ní Màámi, ẹ bá mi dúpẹ́, jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, irun orí mi kan ò já, mọ́tò náà ò tilẹ̀ họ. O ní ìràwọ̀ márùn-ún ni wọ́n fún un fún ààbò. O fi owó ìdúpẹ́ ránṣẹ́. Mo se ìrẹsì, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó títí mo fi gbàgbé pé mo lórúnkún. Pásítọ̀ Akíndàmọ́lá gòkè, ó kéde ìràwọ̀ márààrún, ìjọ pàtẹ́wọ́, àwọn kan rò pé ipò ológun ni wọ́n fi ọ́ jẹ. Ó wá gbàdúrà pé gbogbo ohun tó bá tún dúró lójú ọ̀nà Súnkànmí, kí Olúwa gbá a kúrò. Àmín tí a ṣe lọ́jọ́ náà, adìẹ sá lábẹ́ fèrèsé.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí Oyinkán fi pè mí, ó ń sunkún. Mo rò pé ẹ jà ni. Ó ní Màámi, ṣé ó sọ fún yín pé èèyàn ló fi mọ́tò kọ lù?

Súnkànmí, mo jókòó sílẹ̀. Ohun tó sọ rè é, bí irọ́ bá wà níbẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ó ní o fẹ́ yà sọ́wọ́ òsì ní oríta, mọ́tò mìíràn ń bọ̀ níwájú, àyè tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan, ẹlòmíràn ì bá dúró kí onítọ̀hún kọjá. Ìwọ ní tìrẹ á bọ́ síbẹ̀. O tẹ̀ ẹ́, ó sì bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Obìnrin kan ló wà lápá ibi tí o yà sí, Ìdíátù lorúkọ rẹ̀, ó ń sọdá níbi tí ìjọba fi ọ̀dà funfun fà fún ẹlẹ́sẹ̀, iná ti ní kó máa bọ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Bolton ìtòsí yín, níbi tó ti ń di ẹrù sínú páálí, ló ti ń bọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ni. Ohùn mọ́tò rẹ, Oyinkán ní kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ẹni tó ti fi fìlà òtútù bo etí, níbo ló ti fẹ́ gbọ́ ẹ̀fọn? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lókè, ó kán nísàlẹ̀.

Ó ní bó ṣe ṣubú, ó ké pé yéè, ìyá mi ò! Yorùbá ni o, Súnkànmí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Ìwọ sọ̀ kalẹ̀, o kọ́kọ́ yí mọ́tò rẹ po, o wò ó bóyá ó họ, lẹ́yìn náà lo dá a lóhùn lédè òyìnbó pé o ò rí i. Ẹni tó ń pe ìyá rẹ̀, òyìnbó lo sọ sí i. Ojú tì mí débi pé mo fi ìborí bojú nínú yàrá èmi nìkan.

Níhìn-ín, ṣebí etí títì la ń sá láfún sí. Ọkọ̀ akẹ́rù àwọn onípákó yẹn, kó tó gun afárá la ti ń gbọ́ ọ, a ó ti kó láfún, a ó ti pe ọmọdé wọlé. Ọkọ̀ burúkú ni, èéfín rẹ̀ ń pa wá, ṣùgbọ́n ó máa ń kí wa kó tó dé. Tìrẹ kì í kí ènìyàn. Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Mo bi Oyinkán pé ìràwọ̀ márùn-ún yẹn ńkọ́, ṣé kò sí ọ̀kan tó tàn fún Ìdíátù níbẹ̀. Ó ní àwọn tó jókòó sínú mọ́tò ni wọ́n torí rẹ̀ fún un. Mo ní mo gbọ́.

Èyí tó dùn mí jù ló kù. Ìdíátù ti kúrò lọ́sibítù, ó ti wà nílé, àdúgbò yín náà ló ń gbé, kò lè dúró, kò lè ṣiṣẹ́. Oyinkán ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un. Ó ní kí n má sọ fún ọ, mo ti sọ. Ìwọ ò tíì débẹ̀ títí dòní. O ní Ìnṣọ́ránsì ló ní kí o má lọ, pé o ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n má baà ní ìwọ lo jẹ̀bi. Ta ni Ìnṣọ́ránsì yìí? Ṣé kò ní ìyá ni? Dáramọ́lá ní oṣooṣù lò ń sanwó fún un. Ìwọ lò ń bọ́ ọ, òun ló ń pàṣẹ fún ọ. Tó bá tún pè, fún un ní nọ́ńbà mi.

Mo dìde, mo lọ bá Pásítọ̀ Akíndàmọ́lá, mo ní mo fẹ́ gba àdúrà mi padà. Ó ní àdúrà wo? Mo ní èyí tí ẹ ní kí Olúwa gbá ohun tó dúró lójú ọ̀nà Súnkànmí kúrò, èèyàn ló ṣáà dúró níbẹ̀, ó sì ti gbá ọ̀kan, kó má lọ gbá òmíràn. Ó ní àmín tí odidi ìjọ ti ṣe, kò ṣeé gbé mì padà, àfi kí n gba òmíràn lé e. Mo ní kò burú. Lọ́jọ́rùú, nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú sọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sókè, mo dìde, mo kígbe pé Ọlọ́run, jẹ́ kí ọmọ mi lọ́ra! Jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣáájú rẹ̀! Ẹyọ ẹnìkan ò ṣe àmín. Kí n tó padà dé ilé, ó ti dé ọjà pé ìyá Súnkànmí ti jẹ́wọ́ àjẹ́, pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló fẹ́ dè mọ́lẹ̀. Ìyá Abdulhakeem nìkan ló wá kí mi, ó ní òun ò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí ní mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé orí mi pé.

Nítorí náà, lọ bá Ìdíátù. Má gbé mọ́tò yẹn lọ. Wọ bọ́ọ̀sì tó máa ń wọ̀, sọ̀ níbi tó ti sọ̀, kí o sì fẹsẹ̀ rẹ sọdá títì náà, kí o lè rí bó ṣe fẹ̀ tó lójú ẹlẹ́sẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ fún un. Oyinkán ní kápẹ́ẹ̀tì ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, àyà ò ní dùn ọ́. Yorùbá ni kí o fi bẹ̀ ẹ́. Má sọ pé o ò rí i. Sọ pé o ò wò.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Páànù ẹ̀yìnkùlé ń jò, òògùn orúnkún mi ti tán, má wulẹ̀ fi ti ìkankan ránṣẹ́. Bí o bá ti lọ, kí òjò máa rọ̀ sí mi lára, n kò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí o ò bá lọ, owó ọkọ̀ òfúrufú ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi, kíákíá, o ṣáà fẹ́ràn kíákíá. Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Orúnkún tó ń dùn mí yìí náà ni màá wá fi kúnlẹ̀ fún un. Dáramọ́lá ní fọ́ọ̀mù físà á béèrè ohun tí mo ń bọ̀ wá ṣe ní Kánádà. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìkúnlẹ̀ ni.

Wàyí o, gbórí wá kí n súre fún ọ. Súnkànmí Àjàní, wàá lọ́ra. Ẹgbẹ́ rẹ á kọjá lára rẹ lójú títì, wàá juwọ́ sí wọn, inú ò ní bí ọ. Ẹni tó ń tẹ̀pá, ẹni tó pọnmọ, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó ti rẹ̀, wọ́n á gba iwájú rẹ kọjá, wàá dúró, wọn ò ní mọ̀ láéláé pé o lè sáré. Wàá kẹ́yìn délé, wàá sì bá gbogbo èèyàn nílé.

Ṣe àmín. Ìjọ ò bá mi ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ,
tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ lójà báyìí.