Ẹ̀rọ Tí O Lẹ̀ Mọ́ Bàbá Rẹ Lẹ́rẹ̀kẹ́

Etí òkun, Araromi.

Àràmídé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé iṣẹ́ ọ̀gá kò pa ọ́? Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, òkun nìkan ni kò jẹ́ ká sinmi, ó ti gba ibi tí mo ti ń yan ẹja, ó wá ń wo yàrá wa. Olúwa kò ní jẹ́ kí omi gbé wa lọ kí ọwọ́ rẹ tó dilẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ dé, o kú ìnáwó. Mo sọ fún ọ pé bàbá rẹ ń payín keke bó bá ti sùn, pé eyín tó fi ń lọ oúnjẹ ti là, pé kò lè jẹ ẹja gbígbẹ mọ́, mo sì rò pé wàá ní o ń bọ̀ wá wò ó. Mi ò mọ̀ pé ọmọ Èkó kì í wá mọ́, ẹ̀rọ ló máa ń rán.

Tíṣà Roqeebah, ará Ìbàdàn tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa, ló ka ìwé inú rẹ̀ fún wa. Ó ní ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ, kó lè mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, yóò sọ fún fóònù, fóònù yóò sọ fún ìwọ àti Ògúnlànà dókítà eyín. Bàbá rẹ kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ó mà dára o, pé ẹnì kan ní Èkó fẹ́ mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán gangan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jókòó ti àwọ̀n tó ya, ó ń fi eyín fa kókó òwú le bí bàbá rẹ̀ ti ń ṣe, kí ẹ̀rọ má baà lọ sọ pé ọ̀lẹ ni òun. Nígbà tí o wá pè pé dókítà ní òun kò rí irú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí rí, bàbá rẹ kiri gbogbo ìlú, ó ní wọ́n yin òun ní Èkó. Èmi náà ń retí ìwé ẹ̀rí.

O bínú, o ní ojú oorun ni ẹ̀rọ wà fún. A tọrọ àforíjì. Torí pé o ní fóònù kò gbọdọ̀ jìnnà sí i, mo fi gèlè mi di fóònù náà mọ́ ọn lórí kó lè gbọ́ dáadáa. Bó bá di àárọ̀, bàbá rẹ á ní ọrùn ń dun òun, èmi á sì kí ẹ̀rọ pé ó kú iṣẹ́, òun nìkan ló ń bá mi ṣe àìsùn. O ní àwòrán ìpayínkeke rẹ̀ tí ẹ̀rọ ń gbé wá sórí fóònù rẹ ga bí ìgbì òkun.

Lẹ́yìn náà lo pè pé o ń bọ̀ wá ṣe Àjíǹde. Bàbá rẹ fọ ọkọ̀ rẹ̀, ó ní kí n tọ́jú ẹja tó tóbi jù, ó sì sùn. Ilẹ̀ mọ́, o ń pariwo lórí fóònù pé àwòrán náà tẹ́ pẹrẹsẹ, pé kí ló dé tí a yọ ẹ̀rọ. Roqeebah wò ó, ó wà lẹ́rẹ̀kẹ́, iná rẹ̀ ń tàn. O ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, o pè pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí o lè wá mọ́. Lóru ọjọ́ náà, ìgbì inú àwòrán tún dìde, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀rọ ti san.

Ọmọ mi, ó ń dùn mí. Bàbá rẹ kàn ń fi eyín rẹ̀ jẹ eyín rẹ̀ ni. Dókítà ní òun yóò ṣe rọ́bà tí bàbá rẹ yóò máa kì bọnu sùn. Ẹ kú ìtọ́jú.

Ní ti owó tí o ní o fẹ́ fi ránṣẹ́, a kò kọ̀ ọ́ o, pákó ilé ti jẹrà, fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ tí wàá fi wálé sọ́tọ̀.

Olúwa á ṣọ́ ọ, wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ. Bí eyín rẹ bá sì ń ké lójú oorun nígbà náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àrìnpé.