Ipò Kìíní, Láàárín Ta?

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Orúnkún mi kò gbà mí láyè mọ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á sí pé mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣé ara yín le? Ojú tí ẹ fi ń ránṣọ ńkọ́?

Levenshulme, àdúgbò ìlú òyìnbó tí a ń gbé yìí, tutù. Òjò ibí kì í rọ̀ bíi tiwa. Ńṣe ló ń sẹ̀ wínníwínní bí àlejò tí kò fẹ́ kí onílé gbọ́. Ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ kì í tètè dé láti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, nítorí náà èmi àti Fèyí, ọmọ wọn, la sábà máa ń wà nílé.

Fèyí ń ṣeré bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì níbí, àmọ́ ti àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ló ń wò lórí fóònù. Ní Sátidé, ó fi bí wọ́n ṣe to àwọn ẹgbẹ́ náà sípò hàn mí. Ẹgbẹ́ kan tí wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ nà rí wà lábẹ́ èyí tí wọ́n ti nà lọ́pọ̀ ìgbà. Inú bí mi. Mo ní ojooro ni. Èmi tí mo ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe kìíní ló ṣe kìíní. Fèyí ní kí Grandpa rọra, ta ni ẹgbẹ́ náà nà gan-an? Ó ní kọ̀ǹpútà tó ń tò wọ́n sípò ń wo agbára ẹni tí wọ́n bá pàdé, ó sì ń wò ó bóyá ilé wọn ni wọ́n ti borí tàbí ilé onílé. Mo ní àwọn ilé ìwé ńlá kì í fẹ́ bá àwọn kékeré ṣeré. Ṣé ẹ̀bi àwọn kékeré ni? Ó gbà pé ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn wà. Ṣùgbọ́n ó ní bí òun bá ń bá èmi olórúnkún dídùn ṣeré lójoojúmọ́, wọn ò ní na òun náà láé.

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni mo rántí.

Èmi ṣe kìíní ní ilé ìwé abúlé wa. Ẹ̀yin ṣe ipò kọkànlá nílùú, níbi tí wọ́n ti ṣa àwọn ọmọ tó mú jù jọ. Ipò nìkan ni Bàbá wò. Mo lọ sí yunifásítì, ẹ̀yin lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ mi ní ìṣirò ní gbogbo ìsinmi! Mo mọ̀. Mo dákẹ́.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ bi mí pé nínú àwọn ọmọ-ọmọ yín méjèèjì, ta ni kí n rán lọ sí yunifásítì. Mo ní Kúnlé, torí ó ṣe kìíní. Mojí ṣe ipò kẹsàn-án. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Fèyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìyá wọn. Ilé ìwé tí wọ́n ń fi ìdánwò ṣa ọmọ wọ̀ ni Mojí wà. Ti Kúnlé ni kékeré ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹ kàn ní, ó dáa. Ó dáa yẹn náà ni ẹ sọ fún Bàbá.

Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, Ẹ̀gbọ́n mi. Kúnlé kò ṣẹ̀. Òun kọ́ ló yan ilé ìwé rẹ̀, bí èmi náà kò ṣe yan tèmi. Ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó bí ẹ ti máa ń pè mí nígbà yẹn, kí ẹ fún wọn ní ìṣirò kan náà. Ẹ̀yin lẹ máa mọ̀. Ẹni tí ẹ bá mú ni mo mú.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú yín kò ní ṣókùnkùn.

Àbúrò yín tí ẹ fi ìṣirò tọ́, ọmọ yín,
Adéyẹmí